Ẹtù Tí Ìyá Àgbà Lù Pẹlẹbẹ

Bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn Ìrẹ̀mọ wọlé ní ọdún tí mò ń sọ yìí, etí ni yóò kọ́kọ́ fi dá agbo ilé wa mọ̀ kí ojú tó rí i. Yóò gbọ́ gbì, gbì, gbì, bí ẹni pé wọ́n ń gún iyán kan tí kò fẹ́ kúnná. Kì í ṣe iyán. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń lu aṣọ. Ọmọ Ẹdẹ ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ náà nígbà ọmọge, kí ọkọ tó gbé wọn wá sí Ifẹ̀. Aṣọ tí a bá fọ̀ tí a sì fi ẹ̀kọ sí lára, wọ́n á ká a ní ìṣẹ́po, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí ìtì igi pẹlẹbẹ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wọn, wọ́n á sì fi kùmọ̀ lù ú títí gbogbo ibi tó wú yóò fi wọlẹ̀, tí aṣọ náà yóò máa dán bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí. Gbogbo ilé ló ti ní áyọ́ọ̀nù nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn àgbà àdúgbò ní áyọ́ọ̀nù kàn ń jó aṣọ ni, kì í ṣe é lẹ́wà. Bí ọdún bá ti ń súnmọ́, ẹrù aṣọ á máa wọlé wá bá Ìyá Àgbà. Ojú wọn ti ń ṣú lákòókò yẹn. Wọ́n ní àwọn ń wo ayé láti inú èéfín. Ìka wọn ni wọ́n fi ń wá ibi tó wú lára aṣọ. Bí ìka bá ti bá a, kùmọ̀ dé.

Mo ti parí yunifásítì báyìí, mo sì ti kọ́ láti má ṣe sọ ju ohun tí mo mọ̀ lọ. Nítorí náà mi ò ní sọ pé mo rántí gbogbo nǹkan. Mi ò rántí aṣọ tí mo wọ̀ ní ọdún tuntun yẹn, mi ò sì lè búra pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ tún sọ yìí rí bákan náà lẹ́nu àwọn tó sọ ọ́. Ohun tó dá mi lójú ni ohun tí mo gbọ́ àti ohun tí mo fi ọwọ́ kàn. Mo rántí búùtà bàbá mi, bó ṣe ń kan sìmẹ́ǹtì láàárọ̀ kùtù tí wọ́n bá ṣe àlùwàlá tán. Ìró yẹn ló ń jí mi. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì máa ń gbálẹ̀ bí ẹni tó ń pa ojú pátákó ìkọ̀wé rẹ́. Mo rántí ògì tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń fọn ọ́n yípo etí abọ́, àti àkàrà tí òróró rẹ̀ ń jẹ́ kí a máa ka ìròyìn méjì papọ̀ lára ìwé tí wọ́n fi dì í. Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi kún àmù, kí n nu ìgò àtùpà, kí n sì gbé àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà síta kí oòrùn tó mú. Wọ́n á fi oríkì mi pè mí, wọ́n á ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbé e tọ́, ó wọ́." Bí mo bá gbé e tọ́, wọ́n á tún fi ọwọ́ sún un díẹ̀. Kò sí ohun tí wọn kì í tún tọ́. Fìlà bàbá mi, gèlè ìyá mi, ẹní tí a tẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ nà.

Èmi àti Àǹtí Rábì la jọ ń sùn ní yàrá kan. Àbúrò bàbá mi ni, àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Ó ti jáde ilé ìwé girama, ó sì ń dúró de yunifásítì tí kò tíì pè é. Nígbà tó bá ku àwa méjì, ó ní kí n má fi "ẹ" pe òun, pé "ẹ" yẹn ń hu ewú sí òun lórí. Ṣùgbọ́n bí àgbà kankan bá ti yọjú, mo gbọ́dọ̀ tètè rántí ẹ̀kọ́ ilé, mo sì di ẹni tó lè pààrọ̀ ahọ́n láàárín gbólóhùn kan. Ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan lójú ọ̀nà Enuwa, kí ẹni tó ni ín tó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ohun tó mú bọ̀ níbẹ̀ ni àpò sìmẹ́ǹtì kan tó kún fún àjákù páálí funfun, èyí tí wọ́n gé kúrò létí ìwé ìkésíni. Ìyá mi ti fẹ́ fi dáná rí. Àǹtí Rábì jókòó lé àpò náà, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi òun dáná.

Káàdì ìkíni kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Àǹtí ló gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó wà lókè òkun, ó sì wá fi yangàn fún wa. Òdòdó kan wà lójú rẹ̀, funfun lórí funfun. Ojú kò tètè rí i, àfi kí ènìyàn fi ọwọ́ pa á. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fi í ránṣẹ́, Àǹtí ti yí káàdì náà padà, ó ti gbé e sójú fèrèsé. Lẹ́yìn tí àlejò lọ tán, ó mú mi ní apá. "Múní, ṣé o rí ẹ̀yìn ẹ̀? Ibi tó wú níwájú, ó jìn lẹ́yìn. Wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Ṣe ni wọ́n tì í." Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ìwé rí. Ara mi yá gágá bí ẹni tí wọ́n fi ibi tí ìṣúra wà hàn. Ọjọ́ yẹn gan-an la bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ya òdòdó sára páálí mílíìkì tó nípọn, ó fi bíléèdì gé e kúrò títí ihò tó rí bí òdòdó fi ṣẹ́ kù. Ó tẹ́ páálí funfun lé orí ihò náà, ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á, kí ìwé lè wọnú ihò lọ. Ìwé ya. Ó mú òmíràn, ó tún ya. Ó ya títí Ìyá Àgbà fi béèrè láti ẹnu ọ̀nà pé eku wo ló ń jẹ ìwé láàárín ọ̀sán.

Bí a ṣe rí ọgbọ́n rẹ̀ kò ní ọgbọ́n nínú. Mo gbàgbé àjákù páálí kan sórí ìdérí àmù nígbà tí mò ń pọn omi, ìrì omi sì rọ̀ ọ́ díẹ̀. Èyí ni Àǹtí mú láìwò, tó fi ṣíbí ra, tí kò sì ya. Nígbà tó yí i padà, òdòdó kan yọ gegele lójú rẹ̀. Àǹtí mú ìka mi, ó gbé e lé e lórí, ó sì wo ojú mi bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mo ní, "Ó wú." Ó ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ. Bí ẹ bá bi í léèrè títí di òní, yóò ní èmi ni mo dá ọgbọ́n náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé ni mo gbàgbé, mi ò dá nǹkan kan.

Òǹtẹ̀ la fi kún un lẹ́yìn ìyẹn. Sílípáàsì mi ti òsì, èyí tí okùn rẹ̀ ti já, ni Àǹtí fi bíléèdì gbẹ́. Ó gé òṣùpá kan nínú gìgísẹ̀ rẹ̀, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tí a tọrọ lọ́dọ̀ káfíńtà. Fóòmù kékeré nínú agolo sadíìnì ni páàdì wa, yíǹkì aláwọ̀ àlùkò tí bàbá mi kò lò mọ́ la sì dà sí i. Bí a bá tẹ òǹtẹ̀ náà, ó máa ń dún pọ̀-ọ́n nígbà tó bá ń ṣí kúrò lára ìwé, ìró yẹn sì máa ń dùn mọ́ mi nínú ju àdídùn lọ. Ẹyẹ ẹtù ni Àǹtí yàn fún káàdì ọdún tuntun, nítorí ó ní ẹnikẹ́ni lè ya òdòdó. Ó fi ṣíbí mú ara ẹtù náà wú láìkun nǹkan kan sí i, funfun lórí funfun, lẹ́yìn náà ló ní kí n fi ìdérí bíròò tẹ àmì tótòtó sí i lára, àmì kéékèèké aláwọ̀ àlùkò. Fún ìtùnú ààwẹ̀ tí yóò tẹ̀ lé ọdún tuntun lọ́dún náà, ó ṣe òṣùpá, ó sì tún ṣe búùtà. Nígbà tí ìyá mi rí búùtà, wọ́n jókòó.

"Rábì, ta ló fẹ́ kí wọ́n fi búùtà kí òun kú ọdún?"

"Ìyàwó wa, ó rẹwà."

"Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fún á rò pé ẹ ní kóun lọ ṣe àlùwàlá."

Gbogbo èyí ì bá jẹ́ eré lásán bí kì í bá ṣe ti Bùrọ̀dá Lásísì. Ẹ̀gbọ́n Àǹtí ni, àbúrò bàbá mi, wọ́n sì ń gbé ní Kánò. Ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, wọ́n ní kí Rábì wá bá àwọn tọ́jú ọmọ, pé kí ló ń ṣe nílé ná. Awakọ̀ wọn ń gbé ẹrù lọ sí Èkó, yóò sì gba Ifẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Sátidé nígbà tó bá ń padà. Àǹtí kò fẹ́ lọ. Kò kórìíra àwọn ìbejì, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá lọ tọ́ ọmọ ìbejì ní Kánò kì í tètè rí ọ̀nà padà sí Ifẹ̀. Ó bẹ bàbá mi. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ ni bàbá mi, wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í dáhùn ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Rábì, mi ò ní kí o má ṣeré. Ṣùgbọ́n eré yàtọ̀ sí iṣẹ́. Iṣẹ́ ni ohun tí ẹlòmíràn gbà lọ́wọ́ ẹni. Ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

Ó dárúkọ Màmá Oníwèé, obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Mayfair, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ra káàdì tí wọ́n fi ń tu olólùfẹ́ wọn lójú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àǹtí kọ́kọ́ mú ẹtù kan lọ. Obìnrin náà kò wò ó rárá. Ó di ojú, ó fi àtàǹpàkò pa á láti orí dé ìrù. Ó ní, "Mo ti fi ojú ra ọjà rí, ó tàn mí jẹ. Ọwọ́ ni mo fi ń ra káàdì." Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ olùkọ́ lé lọ sílé ti ń padà bọ̀, kí Àǹtí kó ẹ̀kún páálí bàtà kan wá lọ́jọ́ Àlàmísì, bí gbogbo rẹ̀ bá rí bí ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òun, òun á máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà yẹn lọ, bí wọn kò bá rí bẹ́ẹ̀, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Bàbá mi gbọ́ èyí tán, wọ́n ní ó dọ́gba. Bí obìnrin náà bá gbà á lọ́jọ́ Àlàmísì, Rábì dúró. Bí kò bá gbà á, kó bá awakọ̀ lọ lọ́jọ́ Sátidé.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ ò ní yí i padà o?"

"Ìgbà wo lo rí mi tí mo yí nǹkan padà?"

Òótọ́ ni, ohun tó sì ń bà wá lẹ́rù gan-an nìyẹn.

A ṣiṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọyẹ́ ti mú, ètè wa ti là, ọwọ́ Àǹtí ti ní àmì ṣíbí lára, inú wa sì ń dùn. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni. Mi ò tíì ní irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nílé ìwé, níbi tí wọ́n ti ń sọ ohun gbogbo fún wa kí a tó béèrè. Níbí, a ò mọ̀, a gbìyànjú, a fi ìka wò ó, a sì mọ̀. Ìyá Àgbà ń gbọ́ ẹ̀rín wa láti ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n á ní, "Ohun tí a bá rọra ṣe kì í bàjẹ́ o," a ó sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Àgbà." Kò sí ẹni nínú wa tó jókòó tì wọ́n láti ṣàlàyé ohun tí à ń rọra ṣe. Wọ́n mọ̀ pé ìwé ni. Wọ́n mọ̀ pé a fẹ́ mú un lọ sí Mayfair. Bóyá a rò pé wọ́n ti mọ èyí tó kù. Bóyá a ò tilẹ̀ rò ó.

Lọ́jọ́ Àlàárùba, gbogbo ẹtù ti pé. A tẹ́ wọn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n gbẹ, a sì lọ sí Enuwa láti ra ẹ́ńfílóòpù. Nígbà tí a ń bọ̀, oòrùn ti rọ̀, eruku ọyẹ́ sì ti sọ gbogbo àdúgbò di aláwọ̀ kan náà. A kò tíì dé igun ilé wa tí a fi gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì. Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Agbádá bàbá ẹ ni wọ́n ń lù yẹn. Wọ́n fẹ́ kó dán ju ti Lèmọ́mù lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé ìró náà, ó ń fi ẹ́ńfílóòpù lu itan, èmi náà ń tẹ̀ lé e. Bí a ṣe jó wọ agbo ilé nìyẹn.

Ìyá Àgbà jókòó ti ìtì igi wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kùmọ̀ sílẹ̀, òógùn sì wà níwájú orí wọn. Aṣọ funfun kan wà níwájú wọn, ó wé mọ́ nǹkan kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Rábì, Àbẹ̀kẹ́, ẹ ti dé? Ẹ wá kó ìwé yín. Ẹ fi í síta, ó wú, ó rún, àfi bí aṣọ tí ewúrẹ́ sùn lé. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kó fún ènìyàn ní Mayfair nìyẹn? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti bá yín lu gbogbo rẹ̀."

Wọ́n tú aṣọ náà. Ìwé náà ń dán. Ó tẹ́ bí ojú omi tó dákẹ́. Àmì tótòtó aláwọ̀ àlùkò wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe tẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹtù kankan lábẹ́ wọn. Àfi bí ẹni pé ẹyẹ náà fò, tó gbàgbé àmì ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo wo Àǹtí. Ìyá Àgbà kò lè rí ojú rẹ̀, mo sì dúpẹ́ nítorí ìyẹn. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Ìyá mi. Ọwọ́ á máa dùn yín." Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, ó sì jókòó lé odó tí a dà délẹ̀.

Nígbà tí mo dàgbà, mo ti sọ èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ kan, wọ́n ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Obìnrin tí ojú rẹ̀ ń ṣú fi odindi ọ̀sán lu ìwé nítorí ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wo lèèyàn fẹ́ sọ?

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn, kì í sì í ṣe ìbànújẹ́. Ìbéèrè ni. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, nígbà tí ẹ fi ọwọ́ kan ìwé náà, kí lẹ bá lára rẹ̀?"

"Mo bá gegele."

"Gegele báwo?"

"Ó rí roboto níbí. Ó ga díẹ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó wá ní ọrùn tín-ín-rín, bíi ti adìẹ, orí ẹ̀ wá kéré." Wọ́n ń fi ìka ya á sójú afẹ́fẹ́. Ìka náà dúró. "Àbẹ̀kẹ́. Kí lẹ fi síbẹ̀?"

"Ẹtù ni, mà."

"Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ mú un wú?"

"A mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Wọ́n fi ẹsẹ̀ ti kùmọ̀ lọ. Wọ́n ní, "Èmi ni mo wá lù ú pa."

Mi ò dúró. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Àǹtí kò gbé ojú sókè. Mo ní, "Àǹtí, gbọ́. Wọ́n rí i. Ojú wọn ò rí i, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn, síbẹ̀ ìka wọn bá ọrùn ẹtù. Wọ́n tilẹ̀ bá orí ẹ̀. Wọ́n ní ó kéré." Mo ń sọ̀rọ̀ sáré débi pé itọ́ ń ta lẹ́nu mi. "Bí ìka wọn bá rí i, ti Màmá Oníwèé náà á rí i. Iṣẹ́ náà dáa. Ó dáa tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lù ú." Mo mọ̀ pé orí mi ló ń sọ èyí, kì í ṣe ẹ̀dùn ọkàn, mo ti ka ọ̀rọ̀ náà bí ìṣirò, ó sì bọ́ sí i. Àǹtí wò mí títí. Ó wá ní, "Ẹni tó bá ní ṣíbí nílé yìí, kó kó o jáde."

Ìyá mi ló kó wọn jáde, títí kan àwọn ṣíbí àlejò tó wà nínú àpótí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. A fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn ìwé kí ó rọ̀, a gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ lórí ihò páálí mílíìkì náà, àmì tótòtó sì ń sọ ibi tí ẹtù ti wà rí fún wa. Àǹtí ń ra, ìyá mi ń dúró, èmi náà ń dúró. Ìyá Àgbà ti ní kí n gbé àpótí wọn wá sí àárín wa. Èyí tó bá jáde, ọwọ́ wọn la fi ń gbé e lé. "Ẹtù ni." "Ẹtù ni." "Èyí kò tíì lórí, dá a padà." "Ta ló ṣe èyí? Ìrù ẹ̀ ti já." Ìyá mi ni, wọ́n sì ní ejò ni àwọn fẹ́ ṣe.

Bàbá mi bá wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lórí. Ìyá Àgbà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ṣáájú wọn. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Má wí fún ọmọ kankan." Bí bàbá mi bá ní ohun tó bàjẹ́ ti bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Wọ́n mú ọ̀kan nínú èyí tí a kò tíì tún ṣe, wọ́n wò ó. Wọ́n mú ọ̀kan nínú èyí tí a ti ṣe, wọ́n fi ọwọ́ pa á. Wọ́n wá wo páálí mílíìkì náà.

"Ẹyọ ihò kan yìí lẹ ní?"

"Ẹyọ kan ni, Bùrọ̀dá mi."

"Ẹ sì pọ̀ tó báyìí. Ẹ̀ ń dúró de ara yín." Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ká apá agbádá. "Múní, gba bíléèdì wá, kí o mú rúlà mi bọ̀."

Ìyá mi ní, "Àbí ẹ ò ní kó lọ mọ́ ni?"

"Mo ní kí obìnrin yẹn ṣe ìdájọ́. Mi ò ní kí kùmọ̀ ṣe é."

Wọ́n gé ihò tuntun mìíràn fún wa, wọ́n ń wọn ọ́n bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Ẹtù tiwọn sanra ju ti Àǹtí lọ. Ìyá mi ní tiwọn ti lóyún. Bàbá mi ní ọdún tuntun ni, kó máa bí sí i. Láti ìgbà náà ló ti di pé gbogbo wa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìró ṣíbí sì gba agbo ilé, ṣàrà-ṣàrà-ṣàrà, ìró tí kò sí ẹni tó gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Ìrẹ̀mọ. Àwọn ará ilé kejì yọ orí pé kí là ń họ. Nígbà tí ìrẹsì jinná, a wẹ ọwọ́, a fi ọwọ́ jẹ ẹ́, nítorí pé gbogbo ṣíbí ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti jẹ ìrẹsì ní ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò rántí adùn ìkankan nínú wọn.

Ní Àlàmísì, èmi àti Àǹtí gbé páálí bàtà lọ sí Mayfair. Màmá Oníwèé gbé e ka orí tábìlì, ó di ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo àtàǹpàkò náà bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù tó ń lọ sínú àwọ̀n. Lójijì ó dúró.

"Èyí ní ikùn ńlá."

Àǹtí ní, "Ó ti jẹun ọdún ni, mà."

Obìnrin náà la ojú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún di í. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé ọ̀kan sókè sínú ìmọ́lẹ̀. "Kí lo kùn sí i tó fi ń dán báyìí? Èyí tí o kọ́kọ́ mú wá kò dán."

Àǹtí wò mí. "A lù ú ni, mà. Ìyá mi ló lù ú."

"Ẹ máa lù ú lọ bẹ́ẹ̀." Ó ti páálí bàtà náà sí abẹ́ tábìlì rẹ̀. "Kí lo ní fún ìtùnú?" Ó pa òṣùpá, ó pa búùtà, ó tún padà pa búùtà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Mú èyí wá. Àwọn ọmọ Ìwó á rà á."

Àǹtí ti fi gbogbo ọdún tó kọjá láti ìgbà náà sọ pé kùmọ̀ ìyá òun ló jẹ́ kí obìnrin náà gbà á. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. A kò mú èyí tí wọn kò lù lọ fún un kí ó lè fi méjèèjì wé ara wọn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọrùn ẹtù nìkan ti tó. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò sí káàdì kan tó kúrò nílé wa lẹ́yìn ìyẹn tí kò kọ́kọ́ dé orí ìtì igi Ìyá Àgbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ṣíbí, kò sì sí èyí tó jáde tí ìka wọn kò kọ́kọ́ pa.

Nígbà tí a sọ fún bàbá mi pé obìnrin náà gbà á, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì ń ka ìwé ìròyìn wọn lọ. Wọn kò sọ nǹkan mìíràn, ní Jímọ̀ pẹ̀lú. Àǹtí kò béèrè. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí mo jí, mo rí i pé ó ti di ẹrù rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí kò ti hàn. Nígbà tí mọ́tò Kánò fọn fèrè lójú títì, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ jáde. Èmi ni mo jáde, mo sì bá bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà, tí awakọ̀ ń kí wọn tí ó sì ń wò yíká fún ẹrù.

"Alhaji, ṣé sísítà ti ṣe tán?"

"Rábì kò lọ mọ́. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọ̀gá mi á bi mí pé iṣẹ́ kí ni."

Bàbá mi ti ọwọ́ bọ àpò agbádá wọn. Ẹtù kan ni wọ́n mú jáde, ọ̀kan nínú àwọn tó sanra. Awakọ̀ gbà á, ó wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó, kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju àmì tótòtó lọ.

Bàbá mi ní, "Má wò ó. Sọ fún Lásísì kó fi ọwọ́ pa á."